Ẹbọ Àkàrà Tí Ìbídùn Gbé Lọ sí Lómè

Ọ̀rọ̀ tí owó ẹyọ bá Ìbídùn ọmọ Oyèéwùmí sọ ní Ìrágbìjí, nígbà tó ń lọ kọrin nílùú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ̀, òun la fẹ́ rò yìí.

Ohùn ni ìṣòro rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́ta ni tiwọn: Ìbídùn ń kọrin, Jọláadé ń ta gìtá, Ṣàngódèyí ń lu ìlù òyìnbó. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, èyí tí gìtá rẹ̀ máa ń bú bí òjò tó ń ṣú bọ̀. Yàrá tí bàbá àgbà Ìbídùn ń kó kòkó sí láyé ọjọ́un ni wọ́n ti ń dánra wò, òórùn kòkó ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ọ̀kan nínú orin wọn, tí wọ́n pè ní "Ilẹ̀kùn Ṣí", rìn lórí fóònù àwọn èèyàn títí ó fi kọjá ibodè. Ni wọ́n bá ké sí wọn pé kí wọ́n wá kọrin ní Kutonu, ní Lómè, àti ní Akra. Kò sí ẹni tó ti kúrò ní Nàìjíríà rí nínú wọn. Nígbà tí ìwé ìrìnnà wọn dé, Ṣàngódèyí gbé tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ara gbogbo ilé yá gágá.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìpè náà ti dé, bí Ìbídùn bá ti kan ibi tí orin náà ti ń gòkè, ohùn rẹ̀ á gé. Kì í ha, kì í dun ún. Á kàn gé, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fìtílà pa. Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ ìrìn-àjò sì ń sún mọ́lé. Bí ohùn náà kò bá padà, ìrìn-àjò kò sí mọ́ nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè kọ orin náà.

Ìbídùn bá gba ilé Ìyá Ọ̀ṣúntóókí lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, olórìṣà Ọ̀ṣun tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, odù Ọ̀ṣẹ́ ló yọ. Ó wò ó pẹ́.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Kutonu ni, Ìyá. Láti ibẹ̀, Lómè, ká tó já sí Akra."

"Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnì kankan. Àmọ́ wọ́n mọ orin wa lórí fóònù."

"Orin kọ́ ni mo bi ọ́. Èèyàn ni mo bi ọ́."

Ìyá ní, "Ohùn rẹ kò ṣàìsàn, ọmọ mi. Ó ń lọ síbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀wà, epo, oyin, obì àti omi tútù ni kí o fi rúbọ. Má rú u níbí. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dé, kí ẹ tó ṣí àpótí kankan, kí ẹ dín àkàrà, kí ẹ fi oyin sí i, kí ẹ jókòó sílẹ̀ bá àwọn tó máa gbé ẹrù yín jẹ ẹ́. Kí àgbà wọn pa obì fún yín. Gbogbo yín lẹ máa jókòó o."

Nígbà tó jíṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ṣàngódèyí rẹ́rìn-ín. "Èmi ò tíì kọ ẹbọ tí mo máa jẹ níbẹ̀ rí."

Jọláadé kò rẹ́rìn-ín. "Èèyàn á ta gìtá nílùú òkèèrè, ẹ ní kó máa dín àkàrà. Àwa ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Olórin kì í jẹ́ kí wọ́n rí òun kó tó di pé iná tàn sí i lára."

"Ìyá ní gbogbo wa ni," ni Ìbídùn wí.

"Ẹ bá mi kí Ìyá."

Ní Kutonu, Ìbídùn àti Ṣàngódèyí dín àkàrà lẹ́yìn ìtàgé, wọ́n bá àwọn agbẹ́rù jẹ ẹ́. Ohùn Ìbídùn gun òkè orin náà láìgé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ara rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n Jọláadé, tó jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì títí dìgbà orin, ta gìtá tirẹ̀ dáadáa pẹ̀lú. Nínú bọ́ọ̀sì, ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Èmi ò fẹnu kan àkàrà, gìtá mi mà dún."

Lómè ni gbogbo ojú wà. Etí òkun ni wọ́n gbé ìtàgé sí, àwọn èèyàn sì ti ń jókòó sórí iyanrìn kí oòrùn tó rọlẹ̀. Nínú "Ilẹ̀kùn Ṣí", lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń gòkè, ibì kan wà tí gìtá nìkan máa ń sọ̀rọ̀. Irú ibẹ̀, níwájú èrò rẹpẹtẹ, ni Jọláadé ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti ń fi okùn ìpẹja ṣe gìtá. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń pa okùn gìtá dà.

Kọ́kú, olórí àwọn tó ń so wáyà, ti gbé Àgbádárìgì rí, ó gbọ́ Yorùbá. Ó wo Ìbídùn níbi tó ti ń da àkàrà sínú epo.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ mọ orin kọ?"

"Ẹ jẹ tán ná, ẹ̀gbọ́n."

Àgbà àárín wọn pa obì, wọ́n pín in, wọ́n mu omi tútù. Bí wọ́n ti ń jẹ ni Ìbídùn ń rọra kọ ègbè orin náà. Kọ́kú yí i sí èdè Éwè, èdè ìlú wọn, ó fi kọ́ ọ. Ahọ́n Ìbídùn ń kọsẹ̀, àwọn agbẹ́rù ń rẹ́rìn-ín, Ṣàngódèyí ń fi ṣíbí lu ìdí agbada. Kí wọ́n tó jẹ tán, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, iyanrìn kò ríbi gba ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ débi òkè náà, Jọláadé sún síwájú, ó gbé ìka sókè. Jẹnẹrétọ̀ kú. Iná lọ, máìkì kú, sípíkà dákẹ́. Ìbídùn mọ̀ ọ́n lára pé ohùn òun fẹ́ gé.

Ẹ̀yìn ìtàgé ni ègbè ti dìde. Kọ́kú àti àwọn tirẹ̀ ni, wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Éwè bí wọ́n ti kọ ọ́ nídìí àkàrà. Ìbídùn gbọ́ ohùn àwọn tó mọ̀, ọ̀fun rẹ̀ là. Ó gbà á lẹ́nu wọn láìsí máìkì. Ṣàngódèyí kọlu ìlù, ìlù kò kúkú béèrè iná. Àwọn tó wà níwájú gbà á, ó rìn lọ sẹ́yìn, títí gbogbo etí òkun fi ń kọ ọ́.

Jọláadé ta gìtá, kò dún ju kíkùn ẹ̀fọn lọ. Ó la ẹnu kó bá wọn gbe ègbè, kò mọ ọ̀rọ̀ Éwè kan níbẹ̀. Orin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ń kọ lójú rẹ̀, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ. Kí iná tó padà, orin ti parí.

Nígbà tí wọ́n dé Akra, Jọláadé ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀wà dà?"

Ṣàngódèyí ní, "Ta ló ń béèrè?"

"Má dá mi lóhùn. Gbé agbada wá."

Ó dín in, ó jókòó sílẹ̀, ó bá àwọn agbẹ́rù jẹ ẹ́. Gìtá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Akra, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n orin Lómè ni àwọn èèyàn gbà sórí fóònù, òun ló ń rìn káàkiri títí dòní, gìtá kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó rúbọ rí ohùn rẹ̀, ó tún rí ojúlùmọ̀ mú bọ̀. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín ṣì ń fetí sí ibi tó yẹ kí òun ti dún.

Ìbídùn padà sí Ìrágbìjí, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Ọ̀ṣúntóókí. Ìyá kò bi í nípa òkun, kò bi í nípa ọkọ̀.

"Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ láti orí Kọ́kú. Ìyá ti jẹ obì ọwọ́ rẹ̀ tán, Ìbídùn kò tíì dárúkọ wọn tán.