Ilé Mọ́tò Àgbọ̀nrín

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ ọ́!"

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fetí sílẹ̀. Àlọ́ mi rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó yà sílé Àgbọ̀nrín, ó bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Àgbọ̀nrín, opó tó ń gbin iṣu, ra mọ́tò kékeré kan. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ẹyẹ ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀. Ó ní òun máa kọ́ ilé fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun. Ṣùgbọ́n nílùú àwọn ẹranko, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ọba Erin.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́, ó sáré dé.

"Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Èmi ni màá bá yín ṣírò ohun tó máa ná yín, èmi náà ni màá gba àṣẹ. Ẹ ṣáà kó iṣu fún mi, kí n fi ra búlọ́ọ̀kù àti páànù."

Iṣu tó béèrè tó kọ́ ilé alágbàlá. Àgbọ̀nrín kó o fún un, ṣùgbọ́n ara fu ú. Nígbà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń wọn ilẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibi tí mọ́tò wà. Ńṣe ló dùbúlẹ̀ gbalaja, ó na ìrù, ó ní, "Ó tó." Ó tún ní kí àwọn fi fèrèsé sí i, kí àwọn mọ ààrò sí i.

"Kí ni mọ́tò fẹ́ fi ààrò sè?" Àgbọ̀nrín béèrè.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, báyìí ni wọ́n ń kọ́ ọ lóde òní."

"Ó dáa. A jọ máa lọ sáàfin nìyẹn."

"Háà! Ẹ má dé ibẹ̀ o! Inú Kábíyèsí kò dùn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó sílé, kí ẹ sinmi."

Àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: Kí ló dé tí eléyìí kò fẹ́ kí òun dé ààfin? Bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ dé ààfin, ó fara pamọ́ láàárín èrò sẹ́yìn Ẹfọ̀n tó fẹ̀ bí ògiri.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọba Erin. "Kábíyèsí, mo fẹ́ kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àgbọ̀nrín."

"Ta ló ni ilé náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló ni ilẹ̀?"

"Èmi náà ni. Àgbọ̀nrín ti fún mi."

Àgbọ̀nrín fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n Ọba ti ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń gbà lọ sódò. Ẹni tó bá dí i gbọ́dọ̀ la ọ̀nà mìíràn, kó fọ́ àpáta, kó ro igbó, títí dé etí omi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é. Nígbà tó jẹ́ ìwọ lo ni ilé…"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fò dìde. "Kábíyèsí, èmi kọ́ ni mo ni ín o! Àgbọ̀nrín ló ni ilé, òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni iṣu tí mo fi ra búlọ́ọ̀kù!"

"Gbogbo ìlú ti gbọ́ yẹn," Àgbọ̀nrín wí, ó sì jáde síwájú. "Kábíyèsí, ilé mọ́tò ni mo ní kó bá mi gba àṣẹ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọ̀nà odò ni, ẹ̀yìnkùlé mi gba mọ́tò, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Ọba fún un láṣẹ lójú ẹsẹ̀. Ó ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni yóò máa fi orí ru búlọ́ọ̀kù títí ilé yóò fi parí. Àgbọ̀nrín gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀ títí wọ́n fi kan páànù.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnì kan bá ní òun máa bá yín gba àṣẹ ilé yín, tí kò sì fẹ́ kí ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ dìde, kí ẹ tẹ̀ lé e lọ.