Ìdí Tí Ewúrẹ́ Fi Ń Bojú Wẹ̀yìn Bí A Bá Lé E

Nígbà láéláé, ewúrẹ́ gbọ́ràn ju ọmọ rere lọ. Bí o bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Kúrò níbẹ̀!", ó lọ nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní àkókò náà, ìyá arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àkànmú, ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. "Ìyá mi, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Ìyá jókòó títí orúnkún rẹ̀ fi gan, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó máa ṣọ́ iṣu tí wọ́n sá sóòrùn láti fi ṣe èlùbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan ki ẹnu bọ iṣu náà. Inú bí ìyá, ó fa ọ̀pá yọ, ó dìde fùú! Ewúrẹ́ sá díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá, ṣé ẹ lè lé mi dé ìdí ọsàn yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ẹran burúkú yìí!"

Ìyá lé e débẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bú u, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun, ó tún bu sí i. Ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ ń wá, ojoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ ìyá ń le sí i.

Àfi ọjọ́ tí Àkànmú rí wọn. "Háà! Ẹran yìí fẹ́ pa ìyá mi!" Ó fà á lọ sí oko, ó so ó mọ́lẹ̀. Ìyá tún padà sórí ìjókòó, kò jẹ, kò mu.

Ní ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ jẹ okùn já, ó dé. Àkànmú gbé kùmọ̀. Ni ìyá bá bọ́ sáàárín wọn.

"Àkànmú, èmi ni mo bí ọ! O ní kí n jókòó, mo jókòó, díẹ̀ ló kù kí n jókòó kú. Ẹran yìí nìkan ló ń sọ pé kí n dìde. Bí o bá lù ú, èmi lo lù!"

Ewúrẹ́ náà gbé orí sókè. "Ẹ lé mi títí ilẹ̀ á fi ṣú, màá padà wá."

Àkànmú wo ìyá rẹ̀ tó dúró ṣánṣán láìdi ohunkóhun mú. Ó sọ kùmọ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti ya alágídí. Bí o bá lé e, á sá díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn. O rò pé ó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Rárá o. Ó ń dúró de àgbà ni.