Òrùka Méjì àti Ọwọ́ Òsì

Ọkùnrin kan wà tó ń múra ìgbéyàwó. Ó fẹ́ kí òrùka òun àti ti àfẹ́sọ́nà òun bára mu débi pé ẹni tó bá rí ọ̀kan ti rí ìkejì. Ó mú obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Èyí tó bá nawọ́ sí, obìnrin á ní, "Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ náà ni mo fẹ́." Inú ọkùnrin dùn, ó rò pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀ ná, kò tíì mọ nǹkan kan ni. Ó yan èyí tí òkúta rẹ̀ yọ sókè.

Alágbẹ̀dẹ fún wọn ní òwú àti àlùmọ́gàjí, kí wọ́n fi wọn ìka ara wọn. Aránṣọ ni obìnrin yìí. Ó wọn ìka ọkùnrin tán, ó gé òwú náà wẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi gé e.  Ó yára gbé àlùmọ́gàjí sí ọ̀tún, ó sì gé òwú kejì jágbajàgba.

Ó ya ọkùnrin lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, àmọ́ bó bá ti yọjú, ṣe ni obìnrin yóò sọ iṣẹ́ kalẹ̀ kó tó kí i. Kò rí i rí kó gé aṣọ.

"Àṣé òsì lo fi ń ṣiṣẹ́?"

Obìnrin ò gbójú sókè. "Ẹ má bínú. Ìyá mi ní a kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ilé ọkọ. Wọ́n ní bí àwọn ará ilé yín bá rí i, wọ́n á ní n ò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á dá mi padà. Mo ti ń fi ọ̀tún kọ́ aṣọ gígé."

"Láti ìgbà wo?"

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin. Ó mú òrùka tó yàn, ó fi sí ìka obìnrin lósì, ó ní kó tún fi òsì gé òwú. Òkúta òrùka há sí ihò tí ìka ń wọ̀ lára àlùmọ́gàjí.

Ó sọ fún alágbẹ̀dẹ pé, "Bàbá, ẹ fún wa léyìí tí kò ní òkúta. Òsì ni kẹ́ ẹ wọn tèmi sí, ọ̀tún ni tiẹ̀."

Alágbẹ̀dẹ ní òsì ni gbogbo ayé ń wọ̀ ọ́ sí.

"Òsì tiẹ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe, bàbá."

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé tí wọ́n dojú kọra, òsì ọkùnrin àti ọ̀tún obìnrin ṣe kòńgẹ́, òrùka sì kan òrùka. Ìyá ọkọ béèrè ìdí tí òrùka ìyàwó fi wà lọ́tùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn kí ìyàwó tó lanu, ó ní òsì ni ìyàwó òun fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, o sọ fún mi pé ìwọ àti ẹni tí o fẹ́ fẹ́ kò jiyàn rí, pé ohunkóhun tó o bá yàn ló ń tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn. N kò ní o parọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó ra òrùka, lọ wo ọwọ́ tó fi ń gé nǹkan nígbà tí kò mọ̀ pé ò ń wo òun.