Efinrin Inú Ihò Òkété

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra. Ta ló ń lá míǹtì níbẹ̀ yẹn? Mo ti gbóòórùn rẹ̀. Má gbé e mì, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ òórùn gan-an ni àlọ́ mi dá lé.

Ní ìgbà kan rí, Òkété dúró láàárín àwọn ẹranko, ó fọwọ́ gbáyà. Ó ní, "Ohun tí èmi bá fi pamọ́, ilẹ̀ tó bá mi gbé e mì gan-an kò ní mọ ibi tó wà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkàn wọn ò balẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, inú rírun sì bá a dé, àwọn ọmọdé ló sì ń mú jù. Efinrin nìkan ló ń pẹ̀tù sí i. Ewé náà tutù lẹ́nu. Ẹbí kan náà ni òun àti míǹtì tó wà lẹ́nu ọmọ yìí. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìlú nìkan ló sì ń hù sí, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà.

Ìyá Ìgbín, àgbà wọn, a máa kìlọ̀ fún wọn pé, "Orí rẹ̀ la ń já. A kì í fa gbòǹgbò rẹ̀."

Òkété gbọ́. Ó jókòó, ó ń ṣírò. "Ewé yìí, ọbẹ̀ ni. Oògùn ni. Bí mo bá gbo ó mọ́ oyin, súìtì ni. Bí mo bá fi rẹ aṣọ, aṣọ á di àwọ̀ ewé." Ẹranko kankan ò tíì máa wọṣọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò èrè kì í béèrè ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí gbogbo wọn lọ sóko, Òkété fa efinrin náà tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ewé ṣì tutù fún òjò. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ihò.

Nígbà tí wọ́n dé, igbe ta. Òkété náà káwọ́ lérí. "Ó mà ṣe o! Mo mọ ibì kan tí mo ti lè rí díẹ̀, àmọ́ ó jìn. Igbá èkùrọ́ kan, ewé méjì."

Ọmọ Àgùntàn ń ké. Kí ni ìyá rẹ̀ máa ṣe? Ó gbé èkùrọ́ wá.

Kò pẹ́ tí Ehoro fi ń kọjá lẹ́nu ihò Òkété. Ó fa imú. "Bàbá Àsùnkẹ́, ilé yín mà ń ta sánsán o."

"Ìyàwó mi ló ń sebẹ̀."

"Ìyàwó yín tó lọ sílé ìyá rẹ̀ láti àná?"

"Ó... ó sè é kalẹ̀ ni."

 Ehoro tún fa imú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ.

Òkété sáré po amọ̀. Ó fi dí ẹnu ihò. Òórùn gba ẹ̀yìn jáde. Ó dí ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ kan kọjá lókè, ó sá wọ kọ̀rọ̀. Ewé já bọ́ lórí ilẹ̀ lókè, ó rò pé wọ́n ti dé. Inú ihò gbóná bí ààrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àsùnkẹ́ ọmọ rẹ̀ dikùn mú. "Bàbá mi, inú ń run mí."

"Ìyẹn nìkan? Ilé ewé lo wà!" Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ewé ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tú u, ó tú u, títí ó fi kan ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti jẹrà.

"Bàbá mi, ẹ ti rí i?"

Òkété fọwọ́ kàn án. Ara ọmọ ti ń tutù. Ó gbé e pọ̀n, ó fi orí fọ́ amọ̀ ẹnu ihò, ó sáré já sí gbangba. Gbogbo ẹranko wò ó. Gbogbo imú gbóòórùn efinrin lára rẹ̀. 

Ìyá Ìgbín jókòó nídìí àmù rẹ̀. Ẹ̀ka efinrin kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ó ti gbìn ín sínú ilẹ̀ tútù.

"Ìyá, ẹ gbà mí!"

"Ẹ̀ka yìí bọ́ lára ẹrù ẹnì kan lójú ọ̀nà lánàá. Igbá èkùrọ́ mélòó lo gbé wá?"

Òkété la ẹnu láti ṣàlàyé. 

"Pa ẹnu dé, jàre. Gbé ọmọ wá." Ó já ewé méjì lórí ẹ̀ka náà, ó gbo ó, ó fi sí ọmọ lẹ́nu. "O rí i? Gbòǹgbò á ṣì rí àyè ta."

Àsùnkẹ́ mu ún. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó béèrè oúnjẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àgùntàn bá igbá èkùrọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ka ìdí àmù sì ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀, wọ́n ti bomi rin ín. Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń dìde ṣáájú gbogbo ìlú, tí ó ń ru omi lọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá báyìí, ara rẹ̀ a máa ta sánsán.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí gbogbo ìlú jọ ń já lórí, ẹnì kan kì í fa gbòǹgbò rẹ̀, ọmọ ẹni lè wà lára àwọn tó máa nílò rẹ̀ lọ́la. Bí mo bá purọ́, kí efinrin má ta sánsán lọ́wọ́ mi mọ́.

Ìwọ tó ń lá míǹtì, ó kù díẹ̀ lápò rẹ. Fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.