Àwẹ̀ró àti Ajá Tí Ó Ń Wọ́ Lókùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra wùyà, ó wọ inú igbó, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ, àti Ẹ̀sọ̀layé, ajá rẹ̀.

Àwẹ̀ró fẹ́ràn láti máa rin igbó kiri. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òun àti ajá rẹ̀ á ti jáde. Gbogbo ilé ọdẹ ló mọ̀ pé ajá ní í ṣíwájú, ènìyàn ní í tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró ní tòun kọ́ nìyẹn. "Èmi ni mo ni ajá, ajá kọ́ ló ni mí." Ó so okùn mọ́ Ẹ̀sọ̀layé lọ́rùn, ó ń wọ́ ọ tuuru lẹ́yìn.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, tí esunsun ń fò, wọ́n dé ìdí igi àfọ̀n kan. Ajá dúró, ó ń fimú fálẹ̀, fín-ín, fín-ín. Àwẹ̀ró fa okùn. "Esunsun lo fẹ́ jẹ, alájẹkì."

Ajá bá dárin. Ẹ bá mi gbè é o:

Àwẹ̀ró, dẹ okùn fún mi.
*Fín-ín-fín, rọra.*
Imú mi ti mú nǹkan níbí.
*Fín-ín-fín, rọra.*
Ojú tó ń yára kò ní rí i.
*Fín-ín-fín, rọra.*

Nígbà tí àrọ̀kúrò òjò dé, tí olú ń hù, wọ́n tún dé ìdí àfọ̀n. Ajá dúró, fín-ín, fín-ín. "Òkété lò ń wá. Ṣé o ò yó ni?" Ajá tún dárin náà. Àwẹ̀ró wọ́ ọ lọ, tuuru.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ewé gbígbẹ ń dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, ajá tún dúró níbẹ̀. "Ọ̀lẹ ajá, oorun ló ń kùn ọ́." Tuuru, ó wọ́ ọ délé.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá le. Odò abúlé gbẹ táútáú. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró bímọ. Ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, kò sí omi tí wọn yóò fi tọ́ ọmọ lẹ́nu. Ta ló ń sọmọ lórúkọ láìsí omi?

Ìyá àgbà ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ lo máa ń sọ pé kò sí kọ̀rọ̀ tí o ò mọ̀ nínú igbó. Gbé kèǹgbè."

Ó gbé e. Ó dé akùrọ̀, gbígbẹ. Ó dé ẹsẹ̀ òkè, gbígbẹ. Ó dé ihò àpáta, aláǹgbá ló bá níbẹ̀, òun náà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó yíjú sí ajá.

"Ẹ̀sọ̀layé, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi."

"Ìgbà wo ni mo di bàbá rẹ?" ni ajá wí. "Tú okùn ná."

Ó tú u. Ajá ṣíwájú, kẹ̀jẹ̀kẹ̀jẹ̀, kò kánjú. Ó lọ tààrà sídìí àfọ̀n, ó walẹ̀, wálawàla. Omi tutù sun jáde, ṣẹ́rẹ́rẹ́.

Àwẹ̀ró ya ẹnu. "Ṣé kì í ṣe òkété lò ń wá ni?"

"Òkété náà wà níbẹ̀ o. Jẹ́ kí n débẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà kán omi sọ́mọ lẹ́nu, ọmọ lá a. Wọ́n béèrè ẹni tó rí omi. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀sọ̀layé ni. Èmi kàn ru kèǹgbè ni."

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá mú amọ̀nà dání, kí ó má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Ibí ni ààlọ́ mi já sí, gbì, bí àfọ̀n tó gbó. Bí mo bá purọ́, kí ajá ilé yín gbó mi. Ẹ tẹ́tí ná. Ṣé ẹ rí i, kò gbó.