Ìdí Tí Etí Wa Kì Í Fi Gbọ́ Igbe Àdán

Nígbà láéláé, nígbà tí Àdán bá ké, gbogbo igbó ló ń gbọ́. Ní ayé ìgbà náà, Àgbà Erin ló ń ṣíwájú agbo erin lọ sí odò. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà omi wà, èèwọ̀ sì ni kí ọmọ gba iwájú ìyá.

Ẹ̀rùn kan dé, Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ó tún ń pe Àyọ̀ká, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ní “Yèyé mi.” Ọkàn Àyọ̀ká kò balẹ̀ mọ́.

Ẹyẹ Àkókó tí ń fẹnu gbẹ́ igi ní, “Ẹ jẹ́ kí n dá orí yẹn lu, ká wo inú rẹ̀.”

“Lọ dá orí ìyá tìẹ lu!” Àyọ̀ká ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Àyọ̀ká bá tọ Àdán lọ. Igbe Àdán máa ń wọ inú nǹkan, á sì padà wá ròyìn ohun tó bá níbẹ̀. Àdán kò fọwọ́ kan Àgbà rárá. Ó kàn fò yí orí rẹ̀ ká, ó ń ké, ó ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn.

“Ṣé kò dùn yín, Ìyá?”

“Kò dùn mí. Ìwọ ta ni?”

Àdán sì ti sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un tẹ́lẹ̀.

Àdán pe Àyọ̀ká sẹ́yìn igi. “Kì í ṣe èèdì, kì í ṣe orí kunkun. Inú orí wọn ń rún bí igi tí ikán wọ̀. Ibi tí ọ̀nà omi wà ti ṣófo. N kò ní oògùn rẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé wọn mọ́. Ẹ fi wọ́n sáàárín yín.”

“Ìwọ tí o kì í ṣe eku, tí o kì í ṣe ẹyẹ! Èmi ni kí n gba iwájú ìyá mi? Pa ẹnu ẹ mọ́!”

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Mímọ̀ yẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Wọ́n tẹ̀lé Àgbà. Ó kó wọn la pápá gbígbẹ já, ó ń kọrin, títí wọ́n fi dé odò tó mu nígbà èwe rẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n bá. Ọmọ Àyọ̀ká tí kò tíì já lẹ́nu ọmú dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò dìde mọ́.

Àgbà fi ọwọ́jà rẹ̀ kan imú ọmọ náà. “Ọmọ ta nìyí? Ẹ bá mi pe ìyá rẹ̀ o.”

Àyọ̀ká wọ́ ẹsẹ̀ padà sọ́dọ̀ Àdán. “Jọ̀wọ́, tún ké. Bóyá o gbọ́ ọ sódì.”

“O ní kí n pa ẹnu mi mọ́. N kò lè ṣe kí n má ké, igbe ni ojú mi. Ṣùgbọ́n màá gbé e lọ síbi tí etí yín kò lè dé.”

Ó la ẹnu. Àyọ̀ká tẹ́tí, tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni àdán ti ń la ẹnu lókè orí wa nírọ̀lẹ́, tí a kì í gbọ́ ọ. Ohun tó rí nínú orí àwọn àgbà wa, ó ń sọ ọ́. A kì í mọ̀, àfi ọjọ́ tí ìyá ẹni bá wo ojú ẹni, tó ní, “Ọmọ ta nìyí?”