Omi Ọmú Milia

Àwọn ará Basque, tí wọ́n ń da àgùntàn lórí òkè láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Sípéènì, máa ń sọ pé, "Ohun tí a bá fún Rárá, Rárá ni yóò jẹ ẹ́." Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi. Rárá wo? Ṣé Rárá lẹ́nu ni? Ó lẹ́nu o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti kọ́kọ́ jẹun fún yín.

Abúlé kan wà nísàlẹ̀ òkè Anboto. Inú ihò àpáta lórí òkè náà ni Mari ń gbé, òrìṣà obìnrin tó ni ìjì àti yìnyín. Mari kì í roko, kì í sì í jalè. Ohun tí ọmọ aráyé bá ní, tó wá purọ́ pé òun ò ní in, ìyẹn ni oúnjẹ rẹ̀.

Milia ń gbé ní abúlé yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run kó tó bí ọmọkùnrin kan, Joanes. Ọmú rẹ̀ kún fọ́fọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ìyàwó Peru, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Milia, kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ yè. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ilé tó bá sún mọ́ tìrẹ jù ni yóò kọ́kọ́ gbà ọ́ nígbà ìṣòro, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe búrẹ́dì. Ni Peru bá gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà Milia, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún un lọ́mú mu.

Ẹ̀rù ba Milia. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìkà. Ó rò ó pé bí ẹnu bá di méjì, ọmú ò ní tó Joanes. Ká ní ohun tó sọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní rárá, kò sí, pé omi ọmú òun ti gbẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọmọ Peru figbe ta. Ẹ̀yin abiyamọ mọ ohun tí igbe ọmọ ń ṣe fún ọmú: omi tú, ó rin aṣọ àyà rẹ̀ gbindin. Milia yára ká ọwọ́ mọ́ àyà. Peru rí i, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Milia fi ọmú sí Joanes lẹ́nu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mu omi ọbẹ̀ gbígbóná títí, kò sí. Ìjókòó kọ̀ fún un. Á rìn dé ìdí iná, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà, ọmọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí ọmọ ò lágbára igbe mọ́, ó so ó mọ́ àyà, ó gun Anboto.

Ó bá Mari lẹ́nu ihò, ó ń fi òòyà wúrà ya irun. Milia pè é ní olè, ó ní kó dá omi ọmú òun padà.

"Èmi kì í jalè," Mari dá a lóhùn. "Ìwọ lo ní kò sí. Ohun tí kò sí ni mo kó, mo sì ti jẹ ẹ́."

"Ọmọ mi ń kú lọ."

"Ọmọ Peru náà ì bá ti kú. Lọ wo ibi tó ti ń mu ọmú."

Ilé Osana ni, ìyàwó ẹni tó ń sun èédú ní etí igbó. Osana gbẹ hangogo, ó sì ní ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Milia dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í láti bẹ̀bẹ̀. Osana wo Joanes, ó na ọwọ́ láti gbà á.

"Ó wà," ó ní. "Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà."

Ó sì tó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má bi mí bó ṣe tó. Joanes dúró sọ́dọ̀ Osana, ó yè, ó sanra, ó ń rá kiri ilé èédú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe "Ìyá," Osana ló kọjú sí. Milia na ọwọ́ méjèèjì sí i, ọmọ ò wá.

Àwọn obìnrin abúlé bi í pé báwo ni ọmọ tó bí ṣe wá ń pe ẹlòmíràn ní ìyá. Milia kò gbójú sókè.

"Ohun tí a bá fún Rárá," ó ní, "Rárá ni yóò jẹ ẹ́."